Oògùn Tí Ó Ṣì Wà Nínú Àwo

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́. Ó ní èémí ẹnu mi nìkan tó láti yẹ òwú mọ́ òun lọ́wọ́. Aránṣọ ni. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni ó ń rán jù, ní iwájú ilé bàbá wa ní Ìlá, lábẹ́ páànù tí ó ti dípẹtà débi pé bí òjò bá rọ̀, omi pupa ni ó ń kán sílẹ̀. Èmi ni wọ́n bí lé e. Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí, ṣùgbọ́n ìlú kò fi bàọ́lọ́jì mọ̀ mí. Ẹnu ni wọ́n fi mọ̀ mí. Níbi ìsọmọlórúkọ tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ tutù, èmi ni wọ́n ń gbé máìkì fún. Mo lè sọ bí adìẹ kan ṣe sọdá títì kí àwọn àgbàlagbà máa fi etí gèlè nu omijé ẹ̀rín.

"Ìwọ," ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wí, "bí wọ́n bá rán ọ pé kí o lọ sọ pé òjò rọ̀, wàá fún òjò ní ìyàwó, wàá fún un ní ọmọ mẹ́ta, wàá tún sọ ilé tí wọ́n ń gbé."

"Ṣé òjò ò lè láya ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Jókòó jẹ́ẹ́. Má bà mí níṣẹ́ jẹ́."

Èdè Ìgbómìnà wa la fi ń sọ gbogbo rẹ̀. Yorùbá ìwé ni mo fi ń kọ ọ́ yìí, kí àwọn tí kò gbọ́ tiwa má baà sọ pé mo ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo ti ń fi ẹnu pa ènìyàn lẹ́rìn-ín láti kékeré. N kò mọ̀ pé ẹnu kan náà lè ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọmú òsì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó sọ. Mo kàn rí i pé ó ti ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sídìí máṣíìnì, tí ó ń fún apá mọ́ra bí ẹni tí ó gbé ẹyin sábẹ́ abíyá. Mo bá a ṣeré: "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń fi pamọ́ fún wa?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí wọ yàrá, ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ibẹ̀. Ó tó ẹyin adìẹ, ó le, kò sì ṣeé tì sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú mìíràn la gbé e lọ. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò, nígbà tí ó sì yá, dókítà pè wá wọlé. Jẹjẹrẹ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà náà, ó lójú àánú, ó sì mọ bí a ti ń bá ènìyàn wí. Ó ní abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ omi tí wọ́n fi ń kán sínú iṣan, pé ìgbà mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n mi yóò gbà á, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta síra wọn, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ó na ìka sókè.

"Màmá, mẹ́fà ni mo wí o. Kì í ṣe mẹ́ta, kì í ṣe márùn-ún. Ohun yìí, bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lágbedeméjì, ìbínú ni yóò fi padà wá."

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti gbọ́.

Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ gbé e ṣánlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi ń bì, tí omi lásán kò dúró nínú rẹ̀. Èkejì wá kó irun orí rẹ̀ lọ, ó sọ èékánná rẹ̀ di dúdú bí ẹni tí ó fọwọ́ bọ aró. Ọwọ́ tí ó ń fi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ kò mọ̀ mọ́ bóyá òun mú òwú tàbí òun ò mú un. Ṣùgbọ́n kókó inú ọmú náà ń rọ̀. Ó jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án: ẹyin adìẹ ti di ẹyin ẹyẹlé. Dókítà náà fọwọ́ kàn án, inú rẹ̀ dùn, ó ní ó ń gbọ́ràn.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbí. A ní àbúrò kan, ọkùnrin, àbíkẹ́yìn wa. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó pọ̀n ọ́n dàgbà, ìdí nìyẹn tí ó fi ń pè é ní ọkọ mi. Ìlú òyìnbó ni ó wà. Iṣẹ́ tí ó sì ń ṣe níbẹ̀, nínú yàrá ìwádìí kan, ni kí wọ́n máa wá ohun tí yóò pa jẹjẹrẹ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Jẹjẹrẹ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀. A kò sì sọ fún un pé ó wà nínú ilé wa.

Àbúrò bàbá wa, tí ó jẹ́ olórí ẹbí, ni ó pa á láṣẹ. Ó pè wá jọ láìsí ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀, ó ní, "Ẹni tó wà lájò, a kì í ju iná lé e láyà. Kí ni yóò fi pa á láti ibẹ̀? Yóò kàn máa sunkún lójú títì àwọn ẹlòmíràn. Bó bá dé fún ọdún, yóò fojú ara rẹ̀ rí i." Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa. Nígbà tí ìyá wa kú, ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi sọ fún ọmọkùnrin náà pé wọ́n ń sinmi. Panápaná ni àbúrò wa, ilé wa ń jó, bí ó bá sì pè láti béèrè, a ó ní ooru díẹ̀ ló mú.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì ni àbúrò wa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Èmi ni ó máa ń fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí nítorí pé ó gbà pé, ní gbogbo ilé wa, èmi nìkan ni mo lè lóye rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀. Èròjà kékeré tí wọ́n ti ń pò láti ọdún mélòó kan ti ṣiṣẹ́. Iwájú máṣíìnì ẹ̀gbọ́n mi ni mo jókòó sí tí mo ń gbọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ wà lórí ẹní, ó fi ìborùn wé orí.

"Kí ni ọkọ mi ń wí tó ń yọ̀ báyìí?"

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní nínú sẹ́ẹ̀lì, ibi tí DNA bá ti..."

"Má kọ́ mi ní iléèwé. Sọ ọ́ bí ìtàn."

Mo sì sọ ọ́ bí ìtàn.

Mo ní, "Nínú gbogbo ẹran ara wa, níbi tí ojú kò tó, òwú kan wà. Òun ni ó ru àṣẹ bí a ó ti rí, bí imú yín ṣe gùn, bí tèmi ṣe pẹlẹbẹ. Òwú méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni. Bí ẹran ara bá fẹ́ pọ̀ sí i, ó ní láti rán irú òwú náà mìíràn, kí ti tuntun lè ní tirẹ̀. Nítorí náà, aránṣọ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ó ń sáré lórí òwú náà tòun ti máṣíìnì rẹ̀."

"Èmi nìyẹn."

"Ẹ̀yin gan-an ni. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí òwú náà kì í ti í nà gbọọrọ. Ó máa ń ká padà sórí ara rẹ̀, á di ìlọ́po mẹ́rin, á di kókó."

"Òwú olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Bí aránṣọ tó mọṣẹ́ bá dé ibi kókó, kí ló máa ṣe?"

"Á dúró. Á fi èékánná tú u. Á máa rán lọ."

"Ẹ ṣé. Ó wá ku ohun tí ọkọ yín ṣe. Ó ti rí nǹkan kan, ó kéré ju eruku lọ, tó máa ń wọnú kókó yẹn lọ jókòó, á sì dì í mú bí àtè. Kókó náà ò ní í tú mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde jókòó lórí ẹní. "Máṣíìnì á lọ kọlu kókó."

"Á kọlu kókó!"

"Abẹ́rẹ́ á kán. Òwú á já."

"Á já!"

"Aṣọ ti bàjẹ́ nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bi mí ní ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kankan kò tíì bi mí rí: "Èmi ńkọ́? Ṣé kò sí kókó nínú òwú tèmi tó dáa ni? Ṣé kì í ṣe èmi náà ni yóò já?"

"Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Àwọn aránṣọ inú ara yín tó dáa mọ bí wọ́n ti ń so òwú tó bá já. Ti jẹjẹrẹ, ìkánjú ló fi ń rán aṣọ. Nínú ìkánjú yẹn, àwọn kan nínú wọn ti gbàgbé bí a ti ń so òwú. Bó bá já mọ́ wọn lọ́wọ́ níhìn-ín, tó já lọ́hùn-ún, tó tún já, ó parí."

"Bí àwọn aránṣọ òde òní," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín gidi, irú èyí tí a kò tíì gbọ́ láti ìgbà abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára. Mo fẹ́ òmíràn sí i. Mo ní, "Àbúrò wa ní ó ti pa jẹjẹrẹ, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n wo ibẹ̀, kò ku ẹyọ kan."

Kò sí irọ́ nínú gbogbo ohun tí mo sọ. Ohun tí n kò sọ ni ọ̀ràn. Nínú ohùn tí àbúrò wa fi ránṣẹ́, ìgbà mẹ́ta ni ó sọ ọ́: "Inú àwo ni o, ẹ̀gbọ́n mi. Inú àwo péré." Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n ń sìn nínú àwo pẹlẹbẹ ni wọ́n da èròjà náà lé. Wọn kò tíì fún eku, áńbọ̀sì ènìyàn. Ó ní bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, ọ̀pọ̀ ọdún ṣì kù, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú irú wọn kì í dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kankan. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Mo fò ó nítorí pé yóò ba ìtàn náà jẹ́. Bí ẹ bá ń sọ ìtàn níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ ò ní í dúró láàárín sọ pé, ẹ jọ̀ọ́, kò dájú pé adìẹ náà sọdá.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ kẹta kù sí dẹ̀dẹ̀, iléèwé wa wà nínú ìdánwò, n kò lè tẹ̀ lé e. Ó ní òun yóò dá lọ. Ó kúrò nílé ní òwúrọ̀ lórí ọ̀kadà, ó padà dé ní ọ̀sán. Mo bi í pé, "Ẹ ti tètè dé?"

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kéré. Wọ́n ní kí n lọ sinmi ná."

Mo gbà á gbọ́. Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ rí kí ó tó gba èkejì, a sì fi ọ̀sẹ̀ kan jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀dọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ náà tó gòkè. Ní ìgbà tí ó tún yẹ kí ó lọ, ó ní wọ́n pè é pé kí ó má tíì wá, àwọn nọ́ọ̀sì ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn náà, ó ní dókítà ti sọ ọ́ di oṣù méjì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Òkè-Ìlá ni ó ń lọ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ó ń jókòó síbẹ̀, ó ń bá a bó ẹ̀gúsí títí tí ọ̀sán yóò fi pọ́n.

Ohun tí ó burú jù ni pé ó ń sàn. Lójú tiwa, ó ń sàn. Abẹ́rẹ́ kò sí lára rẹ̀ mọ́ láti gbé e ṣánlẹ̀, nítorí náà ó ń jẹun, ó ń kún, ó ń rẹ́rìn-ín. Irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hù, mo sì ń bá a ṣeré pé orí rẹ̀ dà bí pápá tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ sí. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn aládùúgbò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo bá wọn dúpẹ́.

Ìgbàkigbà tí mo bá sì yà, á ní, "Sọ ti kókó yẹn."

Màá sọ ọ́. Ẹ mọ̀ mí. Ní ìgbà kẹta, èròjà kékeré náà ti wọ agbádá. Ní ìgbà kẹrin, ó ti ń kan ilẹ̀kùn kókó, ó ń ní, "Àgò o, ará ilé." Ẹ̀gbọ́n mi á máa rẹ́rìn-ín, á máa fi ọwọ́ kan gbá ọmú òsì mú láti òkè aṣọ. Mo rò pé ẹ̀rín ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ilé wa lè béèrè pé kí ló dé tí kò fi pe àbúrò wa, kí ó bi í pé, ṣé o máa mú oògùn yẹn bọ̀? Ìdáhùn wà, ó sì rọrùn. A kì í béèrè ẹrù lọ́wọ́ arìnrìn-àjò. Ìyá wa fi pàṣán kọ́ wa. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti ìrìn àjò ni ó mọ ohun tí ó dì. Ẹni tí ó bá béèrè tirẹ̀ kí wọ́n tó tú àpò, ọ̀kánjúwà ni, ó tún fi hàn pé kò gbà pé wọ́n rántí òun. Ẹ̀gbọ́n mi sì gbà pé wọ́n rántí òun. Ta ni ọmọkùnrin náà yóò kọ́kọ́ fún, bí kì í bá ṣe ẹni tí ó fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́n? Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ọmọ náà kò mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn. Ó rò pé èmi, pẹ̀lú ẹnu mi, mi ò lè ṣe kí n má ti sọ fún un.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ni mo pa ẹnu mọ́ láyé mi.

Àbúrò wa dé ní ọ̀sẹ̀ ọdún ìbílẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ Ìlá láti Èkó, láti Ìbàdàn àti láti òkè òkun ń wọlé. Ó sanra díẹ̀, ó ti ní ewú lẹ́ẹ̀kẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ó tú àpò nínú pálọ̀. Bàbá olórí ẹbí gba bàtà. Mo gba gíláàsì ojú, mo sì ní, "Ó dáa, mo lè wá rí àwọn ọmọ tí ń sùn lẹ́yìn kíláàsì." Ẹ̀gbọ́n mi gba sísọ́ọ̀sì ńlá kan, irin rẹ̀ ń dán bí omi. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́. Ó ń wo àpò.

Àpò náà ń ṣófo lọ. Wọ́n kó ṣókóléètì jáde, wọ́n kó ọṣẹ jáde. Àbúrò wa gbọn àpò náà kó fi hàn pé ó tán, ó pa síìpù rẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Kí ló kù, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó wo gbogbo ilé yíká. "Ẹ fún wa láyè díẹ̀." Nígbà tí èmi náà dìde, ó ní, "Ìwọ jókòó." Àwọn yòókù jáde. Ó tú bọ́tìnnì bùbá rẹ̀, ó sì ṣí i fún ọmọkùnrin tí ó pọ̀n dàgbà.

N kò tíì rí i láti ọjọ́ ẹyin ẹyẹlé. Ó ti bẹ́. Awọ ibẹ̀ ti dà bí èèpo ọsàn tí ó jẹrà, ó pupa, ó ń ṣomi, ó sì fi àkísà yunifọ́ọ̀mù tí ó mọ́ tónítóní tẹ́ ẹ. Òórùn rẹ̀ jáde. Ìyẹn ni ìdí gbogbo lọ́fíńdà tí ó ń fín sára, tí mo ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń wá ọkọ.

"Èyí tí o bá wá," ni ó wí. "Oògùn kókó yẹn. Mo ti ń dúró dè é."

Àbúrò wa kúnlẹ̀. Ó fọwọ́ kan abíyá rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó ń wá nǹkan níbẹ̀ bí dókítà, ó sì bá àwọn kókó mìíràn. Nígbà náà ni ó kọjú sí mi. "Láti ìgbà wo?"

Mo sọ fún un.

"Ẹ ò sì sọ fún mi? Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń pè yín ní gbogbo ọjọ́ Sunday!"

"Bàbá ló ní..."

"Bàbá!"

"Má pariwo mọ́ ọn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ìwọ ṣáà gbé oògùn náà jáde."

"Oògùn wo, ẹ̀gbọ́n mi? Kò sí oògùn. Inú àwo ló wà. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Inú àwo."

"Àwo wo?"

Ó fi ọwọ́ ṣe bí ó ti tóbi tó fún un, kò ju ọmọrí agolo lọ. Ó ní ẹran ara jẹjẹrẹ tí àwọn ń sìn níbẹ̀ ni àwọn dán an wò lára rẹ̀, pé kò tíì wọ ara ènìyàn rí, pé bí àwọn bá fún ènìyàn báyìí, àwọn ò mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pa. Ó ní àti pé kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ni aránṣọ inú rẹ̀ ti gbàgbé bí a ti ń so òwú, kò sì sí ẹni tí ó yẹ tirẹ̀ wò láti mọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ tuntun tí ó wọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dé bọ́tìnnì rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹran ara ta ló wà nínú àwo náà?"

"Ti obìnrin kan ni."

"Ṣé obìnrin náà wà?"

"Ó ti kú tipẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Jẹjẹrẹ ló pa á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹran ara rẹ̀ wá ṣì wà láàyè, ẹ ń fún un ní oúnjẹ."

"Ó ṣì ń dàgbà."

"Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, bí ẹni tí ó mọ obìnrin náà. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí mi. Kò bínú. Ìbá sàn kí ó bínú. Ó ní, "Ìwọ. O ò bá mi dárúkọ àwo."



Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì la gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìlú ń dún, àwọn ènìyàn ń jó lójú títì, wọ́n ní kí mọ́tò wa dúró kí àwọn tí ń ṣọdún kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ju ọwọ́ sí wọn láti fèrèsé. Àbúrò wa dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní òkè òkun lórí fóònù, ó ń béèrè bóyá ìdánwò oògùn kankan wà níbikíbi tí wọ́n lè fi orúkọ ẹnì kan kún. Èmi ni mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi wọlé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà yẹn náà ni. Ó tú ìborùn tí ó bo ibẹ̀, ó wò ó, ó bò ó padà, ó lọ fọ ọwọ́, ó sì pẹ́ nídìí omi. Nígbà tí ó jókòó, ó ṣí fáìlì rẹ̀ sílẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ méjì ni mo rí níbí, Màmá. Ó ń gbọ́ nígbà náà. Mo kọ ọ́ síbí pé ó ń gbọ́. Kí ló dé tí ẹ ò padà wá?"

Mo la ẹnu. Lábẹ́ tábìlì, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi wá tẹ ẹsẹ̀ mi.

"Yunifọ́ọ̀mù ló pọ̀ lọ́wọ́ mi, dókítà," ni ó wí. "Àwọn iléèwé ti fẹ́ wọlé."

Dókítà náà wò ó títí. "Yunifọ́ọ̀mù. Màmá, yunifọ́ọ̀mù lẹ fi ẹ̀mí yín rán? Ṣé àwọn ọmọ náà ò lè wọ ti àná ni?" Ó bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Ó ní àwọn àgbàlagbà ìlú wa fẹ́ràn iṣẹ́ ju ara wọn lọ. Ó ní tí ẹ bá kú, ṣé wọn ò ní í wá aránṣọ mìíràn? Ẹ̀gbọ́n mi tẹrí ba, ó ń ní, "Ẹ má bínú, dókítà, ẹ má bínú," ó ń bẹ ọmọ tí ó lè bí lọ́mọ. Dókítà náà mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti ń kọ ọ́.

Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Fọ́tò inú ara tí wọ́n yà fi hàn pé ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, èyí tí ó jẹ́ pé láti fi mú ìrora rẹ̀ rọlẹ̀ ni, kì í ṣe láti fi lé àìsàn náà lọ. Àbúrò wa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún àkókò rẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà sídìí àwo rẹ̀, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi kú nínú ọyẹ́. Kò fẹ̀sùn kàn mí lójú àwọn ará ilé títí tí ó fi kú, kò sì ní kí n sọ ìtàn kankan fún òun mọ́. Bí mo bá jókòó tì í, a kàn ń gbọ́ bí atẹ́gùn ṣe ń gbọn páànù.

Ilé ìwòsàn náà ṣì ní fáìlì rẹ̀. Ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìkọ̀wé dókítà yẹn, pé iṣẹ́ ìránṣọ ni kò jẹ́ kí obìnrin náà padà wá gba abẹ́rẹ́ mẹ́rin tí ó kù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà lè máa kà á lọ́la, kí wọ́n mi orí, kí wọ́n ní, ẹ ò rí i, àwọn ará oko yìí. Irọ́ ni. Kò sí yunifọ́ọ̀mù kankan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ abẹ́rẹ́ kẹta yẹn. Èmi ni mo sọ fún un pé oògùn ń bọ̀.